Orúkọ Tí Kò Ní Ṣi Atúnṣe Lọ́nà

Nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àwọn onímọ̀ èdè fún iṣẹ́ ara wọn ní ọ̀rọ̀. Ẹ̀tọ́ kan náà ló yẹ mẹkáníìkì Ìlobù tí ń tún ògbólógbòó ẹ̀rọ ìgékoríko ẹ̀yìn katakata ṣe. Bí olùtúmọ̀ bá pe gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ní ‘àpótí eré’, ó ṣi ọmọṣẹ́ lọ́nà. Ọ̀pá ẹ̀yìn katakata lè yí nígbà 540 ní ìṣẹ́jú kan. Iṣẹ́ àpótí náà ni láti darí agbára yìí sọ́dọ̀ abẹ. Eyín irin inú rẹ̀ a máa gbó, epo rẹ̀ a sì máa jò: ibẹ̀ ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. ‘Àpótí eléyín’ fi ibẹ̀ hàn. ‘Àpótí eré’ fi í pamọ́. Kí olùtúmọ̀ kọ́kọ́ dé ìsọ̀ mẹkáníìkì.