Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Ẹ Má Tíì Kó Èsúsú Yín Fún Oní-Fọ́ọ̀mù

Lẹ́tà tí mo mú síwájú lọ́sẹ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ n'Íbàdàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gba ìwé-ẹ̀rí NCE, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ó sì fẹ́ lọ gba digirí ní yunifásítì. Owó ni kò sí. Ni ọkùnrin kan bá yọ sí wọn, ó ní òun mọ ọ̀nà sikọláṣíìpù kan nílùú òyìnbó, pé ẹ̀kọ́ ìṣòwò ni ọmọ máa lọ kọ́, pé kí ìyá mú 45,000 náírà wá fún fọ́ọ̀mù kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èsúsú sì ti kan ìyá. Ó ní ṣé kí òun kó o sílẹ̀? Ó ní ọmọ náà ń sunkún, pé òun kì í ṣe oníṣòwò, tíṣà lòun.

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fún èèyàn lówó kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé wá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Fọ́ọ̀mù ìwọlé yunifásítì, wọ́n ń tà á, ìyẹn ò ṣe é jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ló ń gba owó yẹn, rìsíìtì á sì jáde. Èyí tí alágbàtà ń fi ìkánjú béèrè, tó ní ọ̀sẹ̀ ò gbọdọ̀ parí, gbájú-ẹ̀ ni mo pè é. Ẹ ní kó kọ orúkọ àwọn tó ni owó náà sílẹ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ lọ wádìí wọn. Ẹ ó rí i bí yóò ṣe máa wá ọ̀nà sá.

Ká tiẹ̀ wá ní olóòótọ́ ni ọkùnrin yìí. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ju 45,000 lọ. Gbogbo owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ló ní olówó, olówó náà sì ní ohun tó ń wá. Ẹ mọ̀ ọ́n lọ́jà yín. Bí oníbàárà bá ní èlùbọ́ iṣu lòun fẹ́, ẹ ò ní í wọn láfún fún un kẹ́ ẹ ní kó máa lọ. Ẹni tó gbé owó kalẹ̀ nítorí ìṣòwò, oníṣòwò ló ń wá. Bí tíṣà bá lọ síbẹ̀, irọ́ ni yóò kọ sínú fọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá sì gba irọ́ náà gbọ́, wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, torí yóò máa fi ojoojúmọ́ kọ́ ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì kejì á sì ti pàdánù tíṣà wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa fún yín. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, 1923 ni wọ́n bí i, òun náà ló di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ó sì kú ní 2010. Ohun tó ń dun ọkùnrin yìí kò fara sin. Ọmọ Yorùbá á wọ ilé-ìwé, wọ́n á fi Yorùbá kọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta, kó tó di pé nǹkan wọ̀ ọ́ lára, wọ́n á yí gbogbo rẹ̀ sí gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa, òun náà ni wọ́n ń fi gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ìṣirò! Tó bá fìdí rẹmi, wọ́n á ní olódo ni.

Ní 1970, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, àti ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ń kọ́ wọn ní gẹ̀ẹ́sì náà o, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́, tíṣà tó sì mọ̀ ọ́n dunjú ló ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ mìíràn ń bá ti àtijọ́ lọ, Yorùbá ọdún mẹ́ta, gẹ̀ẹ́sì ọdún mẹ́ta. Ìwé tí wọ́n máa lò kò sí tẹ́lẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ tayọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, gẹ̀ẹ́sì tí àwọn èèyàn ní yóò bà jẹ́ kò sì bà jẹ́. (Ẹni tó bá tún ní Yorùbá ò ṣe é fi kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti gbọ́ ti Mọ̀dákẹ́kẹ́ rí.)

Ta ló gbówó sílẹ̀? Ford Foundation ni, àwọn ará Amẹ́ríkà. Owó òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n fi ṣe, nítorí pé ẹni tó lọ béèrè mọ ohun tó ń dùn ún.

Ó ku ti ọmọ yín. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan, pé nígbà tó wà ní kíláàsì kẹta, kò lè ka ìlà kan ṣoṣo, àti pé tíṣà obìnrin kan ló ń dá a dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde, títí ìwé fi là sí i. Ìyá wa, òun gan-an lọ̀rọ̀! Òun ló sọ ọ́ di tíṣà. Òun sì ni kó kọ sínú fọ́ọ̀mù. Kó má kọ "mo fẹ́ràn àwọn ọmọdé", gbogbo ayé ló ń kọ ìyẹn. Kó ka iye ọmọ tí kò mọ̀wé kà nínú kíláàsì rẹ̀, kó kọ ohun tó ti gbìyànjú, èyí tó ṣiṣẹ́ àtèyí tí kò ṣiṣẹ́, kó wá sọ ohun tí ẹ̀kọ́ yunifásítì yóò fi kún un. Ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré ni kó wọlé fún, kì í ṣe ìṣòwò.

Níbo ló ti máa wá a? Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde bọ́sárì fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà nílé-ìwé ìjọba, 75,000 náírà ní sáà kan fún oní-digirí, 50,000 fún oní-NCE. Ìkéde nìyẹn o. Ìkéde àti owó tó dọ́wọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kó lọ béèrè nílé-ìwé tó fẹ́ wọ̀ bóyá àwọn tó wà níbẹ̀ ń rí i gbà. Ti NELFUND tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, kò lélé, àmọ́ ẹ̀yáwó ni, wọ́n á gbà á padà. Ti TETFund, àwọn olùkọ́ yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ló wà fún, kí tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má fi ìyẹn da ara rẹ̀ láàmú. Àwọn ọ̀dọ́ tíṣà wa kan ti bá ètò Fulbright lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ní Yorùbá fún ọdún kan, ohun iyì ni, ṣùgbọ́n àgbà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ti ọmọ yín sì jẹ́ ti ọmọ kékeré.

Ẹ má fojú kékeré wo ìjọba ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín, àtàwọn tó jáde nílé-ìwé tó lọ. Kó sì béèrè ohun tí olówó fẹ́ kó ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́, torí àwọn kan máa ń de èèyàn mọ́ iṣẹ́ fún ọdún mélòó kan.

Èmi tí ẹ bi, n ó ní kó gba ti sáńdíwíìsì, èyí tí àwọn tíṣà ń lọ kà nígbà ọlidé gígùn. Kò ní í fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó oṣù á máa wọlé, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì bá a níbẹ̀ tí wọ́n bá wọlé. Èsúsú yín, ẹ fi ra fọ́ọ̀mù ìyẹn, kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ san án. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra èlùbọ́ kún ọjà.

Bàbá télọ̀ tó kọ̀wé lórí onílé tó fẹ́ lé e jáde, lẹ́tà yín ti dé ọwọ́ mi. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.