Ẹ Yé Fi Lẹ́tà Lásán Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa ní Ẹ̀kọ́ Ẹ̀jẹ̀

Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí kò lè sọ pé AS kò gbọdọ̀ fẹ́ AS ẹgbẹ́ rẹ̀, àti pé SS ni fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn burúkú tí í fi ìrora egungun jí ọmọ lóru, tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ abiyamọ di ẹni tí ń fọwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọmọ náà léèrè ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an tí ó ń sọ sẹ́ẹ̀lì roboto di dòjé, yóò dákẹ́ rọ́rọ́, nítorí pé lẹ́tà ni olùkọ́ kọ sí ojú pátákó fún un, kò fi ohun tí lẹ́tà náà dúró fún hàn án rí. Mo sọ ọ́ láìfepobọyọ̀: ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí láìjẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí hemoglobin, mólékù inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé ọ́síjìn, níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, àkọ́sórí ni ó ń dì fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ni ó lọ́ mọ́ra wọn di hemoglobin kan, alpha méjì àti beta méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé irin sí àyà láti fi di ọ́síjìn mú. Amino acid 146 ni ó wà nínú ẹ̀wọ̀n beta. Ní ọdún 1957 sì ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Vernon Ingram fi hàn ní Cambridge pé ibi kan ṣoṣo ni ti SS ti yàtọ̀, ní ipò kẹfà, níbi tí valine ti gba ìjókòó glutamic acid. Lójú ìwé, ohun tí kò tó nǹkan ni. Ṣùgbọ́n ẹ yí mólékù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí i pé ìta gbangba ni valine yìí wà, òun tí kò fẹ́ omi í rí, tí omi sì yí i ká. Ẹ ó tún rí i pé nígbà tí hemoglobin bá ti tú ọ́síjìn sílẹ̀, kòtò kékeré kan a là lára èkejì rẹ̀, valine a sì bọ́ sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ayò ti í bọ́ sínú ihò ọpọ́n, ẹ̀kẹta a tún so mọ́ èkejì, ẹ̀kẹrin mọ́ ẹ̀kẹta, títí okùn líle onífọ́nrán 14 yóò fi na sẹ́ẹ̀lì náà tí yóò sì tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ. Ẹni tí ó bá ti rí èyí, a kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rọ̀ ọ́ kí ó tó mọ ìdí tí àìtó ọ́síjìn fi ń jí àrùn náà dìde, àti ìdí tí ọmọ SS fi gbọdọ̀ máa mu omi, kí hemoglobin rẹ̀ má baà fún pọ̀ mọ́ra.

Wọ́n á ní, kọ̀ǹpútà dà, iná dà? Ẹ wo ọ̀nà tí àwọn tí ó kọ́kọ́ rí irú mólékù yìí gbà. Max Perutz, ọmọ bíbí Vienna, bẹ̀rẹ̀ sí tan ẹ́síréè sí hemoglobin ní 1937, ó sì di 1959 kí ó tó rí ìrísí rẹ̀. John Kendrew alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, tí ó kọ́kọ́ rí ti myoglobin, ìbátan hemoglobin, amọ̀ ìṣeré ọmọdé ni ó fi mọ àwòṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1957, àwọn méjèèjì sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1962. Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Amọ̀ kò wọ́n wa. Ilé ìṣúra àwòrán mólékù tí wọ́n ń pè ní Protein Data Bank, tí ó fi méje péré bẹ̀rẹ̀ ní 1971, tí ó sì ti ní ju 200,000 lọ báyìí, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, fóònù tí ó bá sì ti lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣí i.

Ẹlòmíràn a ní irọ́ ni àwọ̀ inú àwòrán náà, pé mólékù kò ní pupa, kò ní búlúù. Òótọ́ ni, ènìyàn ló kùn ún. Ṣùgbọ́n ipò tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà, wíwọ̀n ni a wọ̀n ọ́n. Kí olùkọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Àwọn tí ń ṣètò ìdánwò ni ọ̀rọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ wọn jù. Kí wọ́n gbé àwòrán hemoglobin méjì ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n ní kí ó tọ́ka sí ipò kẹfà, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì bí ọ́síjìn bá kúrò. Olùkọ́ tí ó bá mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń bọ̀ yóò ti wá amọ̀ sílẹ̀ kí sáà ẹ̀kọ́ tó wọlé.