Òfin owó-orí tuntun: Àkọsílẹ̀ ni yóò gba oníṣòwò Ìlobùú àti Ifọ́n sílẹ̀

Láti ìgbà tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2026, oríṣiríṣi ìtàn ló ń lọ kiri láàrin àwọn oníṣòwò kéékèèké. Àwọn kan ní gbogbo owó tó bá ti wọ báńkì ni ìjọba yóò máa gé. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn rárá, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù àwọn kò tóbi. Irọ́ ni ti àkọ́kọ́, ìkejì náà kò sì jóòótọ́ tán. Èrò tiwa ni pé kì í ṣe owó-orí fúnra rẹ̀ ló yẹ kó máa ba oníṣòwò Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun lẹ́rù, àìní àkọsílẹ̀ ni.

Ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu àwọn òfin mẹ́rin tó sọ ètò owó-orí Nàìjíríà di ọ̀tun. Àjọ FIRS tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di NRS. Ṣùgbọ́n kì í ṣe NRS ni télọ̀, mẹkáníìkì, onídìrí, tàbí onílé tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé yóò bá ṣe, àjọ tó ń gba owó-orí fún ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìyẹn OIRS, ni. Ẹni tó bá ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ lọ́dọọdún, níbi tí yóò ti sọ iye tó wọlé fún un àti iye tó ná sí òwò náà. Ọjọ́ 31, oṣù kẹta ni gbèdéke. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìtanràn 100,000 náírà ló wà fún oṣù àkọ́kọ́, 50,000 náírà sì ni fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tún lé lórí rẹ̀.

Orí ẹ̀rọ ayélujára ni ìjọba ń kó iṣẹ́ yìí lọ. Láti ọdún 2021 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń lo TaxPro Max láti fi ìjábọ̀ tiwọn ránṣẹ́. Ní báyìí, nọ́ńbà NIN tó wà lọ́wọ́ wa ni wọ́n fi ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀ gẹ́gẹ́ bí asanwó-orí. Ẹni tó bá rò pé òun lè fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ Ìlobùú ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ẹ wá gbọ́ apá tó dára níbẹ̀. Òfin náà kò gba kọ́bọ̀ lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún. Èrè la wí o, kì í ṣe iye tí a tà. Lórí 2,200,000 tó bá tẹ̀ lé e, náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn yóò gbà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Táíwò Oyèdélé, ẹni tí Ààrẹ fi ṣe alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó-orí lọ́dún 2023, ti là á yé àwọn èèyàn pé ẹni tí kò ní san nǹkan kan pàápàá gbọ́dọ̀ fi ìjábọ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ti kọsẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ìyá aláṣọ kan ní Ifọ́n ta ọjà 6,000,000 náírà lọ́dún. Ó fi 4,700,000 ra ọjà, ó san 120,000 fún ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi 180,000 wọkọ̀. Mílíọ̀nù kan náírà péré ló jẹ́ èrè. Ó tún ní yàrá mẹ́jọ tó fi háyà, 4,000 náírà lóṣù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 384,000 lọ́dún. Ó fi 84,000 tún òrùlé ṣe, ó wá ku 300,000. Àpapọ̀ èrè rẹ̀ jẹ́ 1,300,000. Bí a bá yọ 800,000 kúrò, orí 500,000 ni yóò ti san owó-orí, ìyẹn 75,000 náírà.

Bí ìyá yìí kò bá ní ìwé kankan ńkọ́? Òfin fún òṣìṣẹ́ owó-orí láṣẹ láti fi òye ara rẹ̀ dá iye tó rò pé ó tọ́. Bí ìyẹn bá wo 6,000,000 tó gba báńkì kọjá, tó ní èrè òwò yóò tó mílíọ̀nù méjì, tí kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ òrùlé, 237,600 náírà ni owó-orí náà yóò di. Àìkọ nǹkan sílẹ̀ ló gba 162,600 náírà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbínú sí irú iye tí wọ́n kàn bù léni lórí bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan lára ohun tó dá ìjà Àgbẹ́kọ̀yà sílẹ̀ lọ́dún 1968 sí 1969 ni pé iye kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ olóko kékeré, yálà kòkó rówó tàbí kò rówó. Lónìí, ìwé ìṣirò lọ́wọ́ asanwó-orí ni ohun ìjà tó mọ́gbọ́n dání.

Ẹ má sì sọ pé a kò mọ nǹkan kọ. Ta ni yóò fún alájọ lówó láì jẹ́ kó fàmì sí káàdì? Ta ni yóò dá owó sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láì wo ìwé rẹ̀? Ohun tí a ń ṣe fún alájọ, ẹ jẹ́ ká ṣe é fún òwò tiwa. Ìwé kékeré kan tó, ojú kan fún owó tó wọlé, ojú kejì fún owó tó jáde. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ẹ ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Èkó, nítorí ẹ̀bùn kì í ṣe èrè.

Ìdí mìíràn tún wà tó kan àwọn ìlú wa yìí gan-an. Nígbà rògbòdìyàn ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, tí Gómìnà Adémọ́lá Adélékè fi kéde kónílé-ó-gbélé, dúkìá jóná, ọjà sì dúró. Òfin gbà kí oníṣòwò yọ àdánù òwò kúrò lára èrè, kódà kó gbé èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ sí ọdún tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá ṣọ́ọ̀bù jóná kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń fi fóònù ya fọ́tò ìwé rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ lórí WhatsApp, iná kò lè jó ẹ̀rí tirẹ̀.

Ìjọba náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 6, oṣù kẹrin, ọdún 2026 ni wọ́n fi ìjábọ̀ orí ẹ̀rọ lélẹ̀ fún àwọn tó ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe àti àwọn onílé, lẹ́yìn tí wọ́n ti sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì ó lé. Àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn ju 50,000 pọ́n-ùn lọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ti 30,000 sí ọdún 2027, ti 20,000 sì di ọdún 2028. Wọ́n tún fàyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè lo kọ̀ǹpútà. Bí ìlú tí iná kì í lọ bá lè ṣe sùúrù tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń lé wa?

Kí OIRS fi òṣìṣẹ́ sí sẹkitéríà Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìlobùú àti ti Oròlú ní Ifọ́n. Kí fọ́ọ̀mù wà lédè Yorùbá. Kí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ àgbàlagbà tí fóònù rẹ̀ kò ju ti ìpè lọ. Kí wọ́n dá ìtanràn dúró fún oníṣòwò kékeré títí ẹ̀kọ́ yóò fi kárí. Kí owó máa wọ àpò ìjọba tààrà, kí rìsíìtì sì jáde lójú ẹsẹ̀, kí àwọn tó ń fi orúkọ ìjọba gbowó lọ́nà ẹ̀bùrú lè wábi gbà.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má dúró de ìgbà tí ìjọba yóò ṣe gbogbo ìyẹn. Iye ìwé kékeré kan kò tó ìdá kan nínú ìtanràn náà. Ẹ rà á lónìí, kí ẹ sì kọ ọjà òní sí i kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù.