A Kì í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Kì í ṣe pé làpálàpá dára lára ọmọ ènìyàn. Ó ń yún ni, ó sì ń bu ẹwà kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ̀ ni yóò jẹ ìka tán nígbà tí ẹni tó ni ín bá ṣì ń fi ọṣẹ dúdú fọ ọrùn. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá ń gbọ́ ìwàásù lórí ìwà mímọ́ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa. A ti wàásù yẹtí títí ó fi sú àwọn ọmọbìnrin. A ti wàásù ṣòkòtò, ètè kíkùn àti irun àtọwọ́dá. Ta ló gbọ́ ìwàásù kan rí lórí owó oṣù ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kò san? Ohun tí mo fẹ́ jiyàn lé lórí nìyí: nínú Bíbélì, ibi tí ìgbàlà ti kọ́kọ́ ń hàn lára ẹni ni ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe sí ohun olóhun. Ẹni tó bá fi aṣọ ṣáájú èyí ti gbé ẹ̀kọ́ náà dorí kodò.

Ká kọ́kọ́ gba ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú. Ìgbàlà kì í ṣe ọjà. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ fún àwọn ará Éfésù ní orí 2 pé oore-ọ̀fẹ́ ni, nípa ìgbàgbọ́, kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè máa fi yangàn. Ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ èyí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Martin Luther àti àwọn tó ń ta ìwé ìdáríjì ní Jámánì lọ́dún 1517. Àmọ́ àwọn tó mọ ẹsẹ 8 àti 9 yẹn sórí kì í sábà kà á dé ẹsẹ 10, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní nítorí iṣẹ́ rere gan-an ni Ọlọ́run ṣe tún wa dá. Nígbà tó kọ̀wé sí Títù, ó tilẹ̀ sọ oore-ọ̀fẹ́ di olùkọ́, tó ń kọ́ ènìyàn láti kẹ̀yìn sí àìwà-bí-Ọlọ́run. Bí ẹnì kan bá wá ní òun ti rí oore-ọ̀fẹ́ gbà, tí kò sì tíì kọ́ ohunkóhun, a lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í pé níbo ló ti gbà á.

Sákéù ará Jẹ́ríkò ni mo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí. Lúùkù sọ ìtàn rẹ̀ ní orí 19. Olórí agbowó òde ni, ó sì lówó. Ìjọba Róòmù ni irú wọn ń gbowó fún, èyí tí wọ́n bá sì gbà lé iye tó yẹ, àpò ara wọn ló ń wọ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Ó gun igi kó lè rí Jésù. Jésù pè é sọ̀ kalẹ̀, ó ní ilé rẹ̀ lòun yóò wọ̀ sí lọ́jọ́ náà. Títí di ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi í ní ìbéèrè kan nípa owó. Oore-ọ̀fẹ́ ló ṣíwájú. Sákéù fúnra rẹ̀ ló dìde dúró tó ní ìdajì ohun ìní òun di ti àwọn tálákà, àti pé bí òun bá ti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, òun yóò dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìgbà tó sọ èyí ni Jésù kéde pé ìgbàlà ti wọ ilé náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó yìí, nítorí àwọn oníwàásù kì í sábà ṣírò rẹ̀. Léfítíkù orí 6 àti Nọ́ńbà orí 5 sọ pé ẹni tó rẹ́nì kejì rẹ̀ jẹ tó sì jẹ́wọ́ yóò dá ojú owó padà, yóò sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e. Ìlọ́po mẹ́rin jẹ́ ti ẹni tó jí àgùntàn tó sì pa á tàbí tó tà á, gẹ́gẹ́ bí Ẹ́kísódù orí 22 ti wí. Sákéù tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ì bá san ojú owó àti èlé kékeré yẹn, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìdájọ́ olè àgùntàn ló yàn fún ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìdajì ọrọ̀ rẹ̀ ti lọ ná. Bó bá jẹ́ pé ìdá kan péré nínú mẹ́jọ ohun tó ní ni owó ìrẹ́jẹ, ìdajì tó kù yóò tán pátápátá sórí ìdápadà, Sákéù yóò sì fọwọ́ osùn nu ògiri. Jésù kò sì sọ fún un pé kó rọra. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀.

Ní orí tó ṣáájú, Lúùkù ti sọ ti ìjòyè ọlọ́rọ̀ kan tó ti ń pa òfin mọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Lára ẹni yẹn, ẹ kò lè rí làpálàpá kan. Jésù ní kó ta ohun tó ní kó pín in fún tálákà, ojú rẹ̀ sì fà ro. Èmi gbà pé Lúùkù mọ̀ọ́mọ̀ to àwọn méjèèjì tira wọn ni.

Yorùbá ní òwe kan tó le: ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Àwọn ará Jẹ́ríkò ì bá fara mọ́ ọn. Ṣebí wọ́n ń kùn pé ilé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Jésù lọ wọ̀ sí. Ìhìnrere bá òwe yìí jiyàn, ó ní olè lè di ẹni ọ̀tun. Ṣùgbọ́n kò ní kí àwọn tí olè náà jà lólè gbà á gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ní kí olè ṣe nínú Éfésù orí 4 ni kó jáwọ́, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, kó sì máa ti ibẹ̀ fún aláìní: ọwọ́ kan náà tó ń gbà tẹ́lẹ̀ ni yóò máa fúnni.

Bí ẹnì kan bá wà tó ṣì rò pé mo ń fi ọ̀rọ̀ aṣọ ṣeré, kó ka Jòhánù orí 18. Àwọn tó mú Jésù lọ sọ́dọ̀ Pílátù kò wọ inú gbọ̀ngàn ìdájọ́, kí wọ́n má baà di aláìmọ́ ṣáájú àsè Ìrékọjá. Ìta ni wọ́n dúró sí, wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n sì ń bèèrè ikú aláìṣẹ̀. Nígbà tí Júdásì sì da owó fàdákà ọgbọ̀n náà padà, Mátíù orí 27 sọ pé àwọn olórí àlùfáà kọ̀ láti dà á sínú àpótí tẹ́ḿpìlì nítorí owó ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n fi ra ilẹ̀ amọ̀kòkò láti máa sin àlejò. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ra ọ̀dàlẹ̀ ṣì ní owó kan tí wọn kò jẹ́ gbà sínú àpótí. Èwo ni àpótí tiwa kì í gbà? Kọngilá tó gba owó ọ̀nà tí kò la ọ̀nà, ìjókòó iwájú ni tirẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe tòní. Ní àárín ọ̀rúndún 19, ìlànà tí Henry Venn ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù ni pé ọkùnrin tó ní ju aya kan lọ kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi, ṣùgbọ́n pé a lè gba ẹni tó ní ẹrú nílé, kó sáà máa ṣe dáadáa sí wọn. Ní ti aláya púpọ̀, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tún fìdí èèwọ̀ náà múlẹ̀ nínú ìpàdé Lambeth lọ́dún 1888. Ìjọ tí wọ́n ti fi Ajayi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864 mà nìyí, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821! Mi ò pe ọ̀ràn aya púpọ̀ ní làpálàpá, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó wúwo. Àmọ́ ẹni tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ sóko ẹrú yóò ya ẹnu nígbà tó bá rí èyí tí wọ́n fi ṣe kókó.

Àwọn kan ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú òfin tí John Wesley ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1743, ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ra ọjà tí wọn kò san owó ibodè lé lórí, kò sì gbọdọ̀ tà á. Bàdágírì ni Thomas Birch Freeman gbé ìjọ Wesley wọ̀ ní ilẹ̀ wa lọ́dún 1842. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lónìí, tó sì mọ ohun tí fàyàwọ́ ń gbé gba ibẹ̀ kọjá, yóò mọ̀ pé òfin yẹn kò tíì gbó. Lẹ́yìn náà ni Apostolic Faith dé, Deeper Life sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1973. Àwọn méjèèjì fi dídá ohun olóhun padà sínú ẹ̀kọ́ ìjọ wọn ní gbangba. Ó yẹ ká yìn wọ́n fún un. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ tó wò wọ́n láti òde mú ìmúra wọn lò, wọ́n sì fi ìdápadà sílẹ̀ fún wọn.

Ẹnì kan yóò ní, olè orí àgbélébùú ńkọ́? Òun kò dá kọ́bọ̀ padà, ó sì wọ Párádísè. Òótọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kàn mọ́ igi. Ohun tí ẹnu rẹ̀ lè ṣe, ó ṣe é: ó gbà pé ìyà tó tọ́ sí òun lòun ń jẹ, ó sì bá ẹnì kejì rẹ̀ wí. Ìwọ tí ọwọ́ rẹ kò sí lórí igi, tí kóńgò tí o tẹ ìdí rẹ̀ wọnú ṣì wà ní ìsọ̀ rẹ, o kò lè fi olè yẹn ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹlòmíràn yóò ní Pétérù kìlọ̀ nípa wúrà àti irun dídì. Ó kìlọ̀. Jákọ́bù orí 5 náà sì sọ pé owó alágbàṣe tí a kò san ń ké, igbe rẹ̀ sì ti dé etí Olúwa. Mi ò rí ibi tí Bíbélì ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa yẹtí.

Ìbéèrè tó kù le jù: bí ẹni tí mo rẹ́ jẹ bá ti kú ńkọ́? Nọ́ńbà orí 5 ní kí a wá ìbátan rẹ̀. Bí kò bá sí ìbátan, kó di ti Olúwa, ní ọwọ́ àlùfáà. (Mo mọ àwọn àlùfáà tí yóò fẹ́ràn ìparí ẹsẹ yẹn ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ.) Ti owó ìjọba, àpò ìjọba ni ká dá a padà sí, kì í ṣe àpótí ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí Sámúẹ́lì fẹ́ gbé àkóso sílẹ̀, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó bèèrè màlúù ẹni tí òun gbà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹni tí òun mú, àti ẹni tí òun gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun yóò dá a padà. Èmi dábàá pé ní ìkórè tó ń bọ̀, kí wọ́n tó pe alága àti ìyá ìkórè síwájú, kí Baba Ìjọ bọ́ síta, kí ó bi ìjọ ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn nípa ara rẹ̀, kí àwọn alàgbà tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn akọrin ṣáájú pé wọn kò gbọdọ̀ dá orin títí tí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ yóò fi sọ ọ́ tán.