Alùpùpù Tí Olóògbé Fi Sílẹ̀

  

Bí ẹ bá wo àwọn ilé wa dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní ohun kan tí olóògbé fi sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn mọ́: ẹ̀rọ ìránṣọ ní igun yàrá, ẹ̀rọ amúnáwá lẹ́yìn ilé, tàbí alùpùpù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A máa ń sọ pé ńṣe ni a ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú oṣù yìí, nítorí pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2017 ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jáde láyé. Ó fi ìyá wa, ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀. A san gbèsè tí ó jẹ, a sì pín àwọn ohun ìní rẹ̀. Alùpùpù rẹ̀ nìkan, Honda CG125, ni ó ṣẹ́kù. Ìyá wa kò fẹ́ kí ó kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi ni mo sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. N kò ní purọ́ fún yín: mo ń rò ó lọ́kàn mi pé bó pẹ́ bó yá, èmi ni n ó máa gùn ún lọ sí ilé-ìwé.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Ní ọdún 2021, ìyàwó olóògbé wá bá mi, ó ní: “Ọkọ mi, ẹni tí ó ń ra ògbólógbòó irin ní òun yóò san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lórí alùpùpù yẹn. Owó ìwé àwọn ọmọ ti tó san.” Ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ogún pípín mọ̀ dájú pé níwọ̀n ìgbà tí olóògbé ti ní ọmọkùnrin, àbúrò rẹ̀ kò ní ìpín kankan nínú ogún rẹ̀. Alùpùpù náà kì í ṣe tèmi rárá. Àwọn tí wọ́n ni ín ń wò ó bí ó ti ń dípẹtà, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò mi.

Mo pe mẹkáníìkì ní ọjọ́ kejì. Mo fẹ́ gbá kíìkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá mi dúró. Ó ní inú ẹ́ńjìnnì tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń gbẹ, bí a bá fi agbára yí i, yóò ha ara rẹ̀. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó da ọ́ìlì díẹ̀ sí ojú ihò rẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó tó rọra fi ọwọ́ tẹ kíìkì náà. Ó yí, al-hamdulillaah.

Epo tí ó wà nínú táńkì ti pọ́n, òórùn rẹ̀ sì ti yí padà. A dà á nù, a kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú táńkì, a mì ín títí ìpẹtà fi ṣí, a sì fi epo tuntun ṣàn án. Nínú kábúrétọ̀, epo àtijọ́ ti gbẹ bí oje igi, ó sì ti dí ihò tóóró tí epo ń gbà kọjá. Mẹkáníìkì kò fi wáyà gún un, kí ihò náà má baà fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Epo ni ó fi rẹ ẹ́, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nígbà tí ó ṣí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn, a rí i pé eku ti tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀.

A pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ó gba nǹkan bíi lítà kan. A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, bátìrì àti táyà méjèèjì tí ó ti sán. A tú búréèkì tí ó ti lẹ̀, a sì nu ṣéènì. Ọmọkùnrin olóògbé, ọmọ ọdún 15, ni ó ń bá wa di iná mú. Lẹ́yìn èyí ni a wá gbá kíìkì. Ní ẹ̀ẹ̀keje, ó dáhùn.

Ìyá wa gbọ́ ìró rẹ̀ láti inú yàrá, ó jáde, ó dúró, ó sì sunkún. Lẹ́yìn náà ni ó ní: “Ẹ tà á, kí àwọn ọmọ rí nǹkan lò.”

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 96 náírà ni a tà á. Ìyá olóògbé gba ìdá kan nínú mẹ́fà, ₦16,000. Ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, ₦12,000. Nínú ₦68,000 tí ó kù, ọmọkùnrin gba ₦34,000, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan sì gba ₦17,000. Ti àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá wọn, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àti ẹlẹ́rìí. Mo lè yọ owó tí mo fi tún un ṣe, ṣùgbọ́n n kò yọ ọ́. Èmi ni mo jẹ́ kí ó bàjẹ́.

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, nínú Súúrà An-Nisaa'i ni ìpín àwọn olùjogún wà, ní ẹsẹ 11 àti 12. Súúrà yìí kan náà, ní ẹsẹ 10, kìlọ̀ ìyà iná fún ẹni tí ó bá fi àbòsí jẹ dúkìá ọmọ òrukàn. Ọ̀pọ̀ wa kò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n a jókòó tì í títí ìpẹtà fi bá wa jẹ ẹ́. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ilé yín, ẹ pe àwọn tí wọ́n ni ín jọ, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì pín in. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ, má ṣe dúró dìgbà tí opó yóò wá bi ọ́.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn òkú wa, kí Ó sì fún wa ní agbára láti pa amáánà mọ́. Àmín.