Ọwọ́ Katakata Kò Gbọdọ̀ Gba Ọwọ́ Ènìyàn

Lónìí, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn katakata tí ń roko.

Bí katakata bá wọ abúlé, iwájú rẹ̀ ni gbogbo wa máa ń wò. A ń wo iná rẹ̀, a ń wo ọ̀dà rẹ̀, a ń béèrè bí agbára rẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀yìn náà ni ewu wà.

Ní kíláàsì alẹ́ kan tí mo kọ́, ọkùnrin kan wà tí ó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Mo rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Nígbà tí ó yá, ó fi ọwọ́ ọ̀tún hàn mí. Ìka 2 kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ń so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ katakata. Ihò kò bá ihò mu. Ó ki ìka bọ ihò láti mọ̀ bóyá ó ti tọ́. Awakọ̀ sún katakata sẹ́yìn díẹ̀. Ìka bá ibẹ̀ lọ.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe aláìgbọ́n. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni ó ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Èrò mi ni pé bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá ní katakata, kí wọ́n fi owó tí wọ́n bá kọ́kọ́ kó jọ tún ibi ìsomọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe, kí wọ́n tó ra ohun èlò mìíràn. Kí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo lè so ohun ìtúlẹ̀ láìlo òòlù, láìki ìka bọ ihò, láìsí ọmọ kankan tí ó dúró láàárín.

KÍ NI ỌWỌ́ MẸ́TA YÌÍ?

Ẹ lọ sí ẹ̀yìn katakata nígbà tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ ó rí ọwọ́ irin 3. Ọwọ́ 2 wà nísàlẹ̀: ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Agbára òróró inú ẹ̀rọ ni ó ń gbé wọn sókè. Ọwọ́ kẹta wà lókè, láàárín. A lè yí i kí ó gùn, a sì lè yí i kí ó kúrú. Irin róbótó tí ó ní ihò wà ní orí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Èèkàn irin ni ó ń gba inú ihò yìí kọjá láti so ohun èlò mọ́ katakata. Irin kékeré kan tún ń dènà èèkàn náà kí ó má baà yọ.

Ta ni ó mú ọgbọ́n yìí wá? Ọmọ àgbẹ̀ ni. Harry Ferguson ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1884 ní àríwá Ireland. Nígbà náà, ńṣe ni katakata ń wọ́ ohun ìtúlẹ̀ lẹ́yìn. Bí ohun ìtúlẹ̀ bá kọlu kùkùté tàbí àpáta, iwájú katakata lè gbéra nílẹ̀, kí ó dojú dé, kí ó sì pa awakọ̀. Ferguson rí i pé bí a bá so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ katakata ní ojú 3, àwọn méjèèjì yóò di ọ̀kan, iwájú yóò sì dúró nílẹ̀. Ní ọdún 1926 ó gba ìwé àṣẹ fún ọgbọ́n náà. Ní 1936 katakata tí ó ní i bẹ̀rẹ̀ sí jáde fún títà. Ní 1939 Henry Ford náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lónìí, bóyá ni ẹ ó rí katakata oko tí kò ní ọwọ́ 3 yìí.

Ọgbọ́n náà gba awakọ̀ là. Ẹni tí ó dúró nílẹ̀ ńkọ́?

ÌDÍ TÍ ÌSOMỌ́ FI Ń LE

Ohun ìtúlẹ̀ tí ó ní àwo 3 wúwo ju ènìyàn 4 lọ. Apá ènìyàn kò ká a. Ilẹ̀ kò tẹ́, ẹrẹ̀ wà, ọwọ́ kan ga ju èkejì lọ. Awakọ̀ kò lè mọ ibi tí yóò dúró gan-an, nítorí kò rí ihò náà dáadáa láti orí àga rẹ̀. Nígbà náà ni a máa ń pe àwọn ọ̀dọ́. Àwọn kan ń tì, àwọn kan ń fi òòlù lu irin, ẹnì kan ń ki ọwọ́ bọ ihò.

Àkókò náà tún ń ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kan. Ká ní ẹ ń pààrọ̀ ohun èlò ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, tí ó sì ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nígbà kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 1 ti lọ. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 20, wákàtí 20 ti lọ. Ilẹ̀ ta ni kò ní rí katakata ní àsìkò? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ìwé ni. Ó lè jẹ́ opó. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oko. Ní Kétu àti ní agbègbè Àjàṣẹ́, òjò 2 ni a ní lọ́dún. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá kọjá lórí ilẹ̀ tí a kò tíì tú, àgbàdo ọdún náà ti pẹ́ nìyẹn. Òjò kì í dúró de ẹgbẹ́.

Ọ̀NÀ 3 NI Ó WÀ

Ọ̀nà kìíní kò gba owó. Ẹ wá ilẹ̀ tí ó tẹ́, kí ẹ sì máa gbé gbogbo ohun èlò síbẹ̀. Bí ẹ bá ń tú ohun ìtúlẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi igi tí ó nípọn tì í nísàlẹ̀, kí ó lè dúró ní ìwọ̀n tí ọwọ́ katakata yóò bá a nígbà mìíràn. Bí ẹ bá ń so, ẹ kọ́kọ́ so ọwọ́ òsì ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn náà ọwọ́ òkè. Bí ẹ bá ń tú, ọwọ́ òkè ni ẹ ó kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Ẹ fi gíríìsì sí èèkàn. Ẹ so àwọn èèkàn kọ́ sí ibì kan, kí wọ́n má baà sọnù sínú koríko.

Ẹ wọn èèkàn náà pẹ̀lú. Ìwọ̀n 2 ni ó wọ́pọ̀. Ti katakata kékeré jẹ́ mílímítà 22 nísàlẹ̀ àti 19 lókè. Ti èyí tí ó tóbi jẹ́ 28 nísàlẹ̀ àti 25 lókè. Bí ẹ bá ki èèkàn kékeré bọ ihò ńlá, yóò máa gbọ̀n, yóò máa jẹ irin, yóò sì ṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Irin oníhò tí à ń fi bo èèkàn kékeré kí ó lè kún ihò ńlá wà. Òun ni kí ẹ rà.

Ọ̀nà kejì gba owó díẹ̀. Orí ọwọ́ ìsàlẹ̀ kan wà tí ó ń nà. Ẹ ó tẹ ohun ìdènà rẹ̀, ẹ ó fà á jáde títí yóò fi bá ohun ìtúlẹ̀, ẹ ó sì ki èèkàn bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà awakọ̀ yóò gun orí àga, yóò sún sẹ́yìn jẹ́jẹ́, orí náà yóò padà sílé, yóò sì há. Irú mìíràn ní ẹnu bí ìkọ́. Irin róbótó ti wà lára ohun ìtúlẹ̀, ìkọ́ yóò ti ìsàlẹ̀ wá gbé e, yóò sì pa ẹnu dé fúnra rẹ̀. Wọ́n ń ta orí wọ̀nyí lọ́tọ̀. Àwọn kan wà tí a ní láti jó mọ́ ọwọ́ àtijọ́. Ajórin tí ó mọ iṣẹ́ dájú ni kí ẹ fún, nítorí gbogbo ẹrù orí irin yẹn ni yóò wà.

Ọ̀nà kẹta wọ́n jù. Férémù irin kan ni, tí à ń so mọ́ ọwọ́ 3 náà títí. Ó ní ìkọ́ 1 lókè àti ìkọ́ 2 nísàlẹ̀. Awakọ̀ yóò sún sẹ́yìn, yóò gbé férémù sókè, yóò sì mú ohun èlò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun èlò yín gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Ó tún máa ń ti ohun èlò sẹ́yìn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10, nítorí náà iwájú katakata yóò fúyẹ́ díẹ̀ sí i. Bí ohun èlò náà bá ń lo ọ̀pá tí ń yí, ẹ wò ó bóyá ọ̀pá náà ṣì gùn tó.

Ní tèmi, ọ̀nà kejì ni ó yẹ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ abúlé. Bí ẹgbẹ́ bá ní ohun èlò 4 tàbí 5 tí ìwọ̀n wọn bára mu, kí wọ́n ronú sí ọ̀nà kẹta. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kìíní jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ọ̀la ni kí ó sì bẹ̀rẹ̀.

ÀWỌN KAN YÓÒ SỌ PÉ

Àwọn kan yóò sọ pé: "Owó kò sí, àwọn ọmọ sì pọ̀ tí yóò bá wa tì í." Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ kì í ṣe òòlù. Owó tí a ó fi tọ́jú ọwọ́ tí ó fọ́, níbo ni yóò ti wá? Ta ni yóò sì ro oko ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fọ́?

Àwọn mìíràn yóò sọ pé: "Awakọ̀ wa mọ iṣẹ́ rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ náà kò rí ìka tí ó wà nínú ihò.

Èmi náà gbà pé irin tuntun nìkan kò tó. Ìlànà gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí katakata bá ń rìn sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má dúró láàárín rẹ̀ àti ohun ìtúlẹ̀. Kí ẹni tí ó fẹ́ fọwọ́ kan èèkàn dúró títí awakọ̀ yóò fi fa bíréèkì ọwọ́, tí yóò sì pa ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe so ẹ̀wọ̀n mọ́ ojú ọwọ́ òkè láti fi fa kùkùté láéláé. Bí ó ti ń dojú dé pa awakọ̀ láyé àtijọ́ nìyẹn, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí.

IṢẸ́ TIYÍN

Ẹ̀yin tí ẹ ti lè kàwé, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sókè fún àwọn tí kò tíì lè kà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ 1, ẹ máa kọ aago tí ìsomọ́ bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ó parí. Ẹ kọ iye ènìyàn tí ó wà níbẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n èèkàn yín. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ kà á fún gbogbo ènìyàn, ọkùnrin àti obìnrin, kí gbogbo yín jọ pinnu ọ̀nà tí ẹ ó gbà. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀, alága kò lè sọ pé òun kò gbọ́, akápò kò sì lè sọ pé òun gbàgbé.

Ọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti mọ orúkọ rẹ̀ kọ báyìí. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí á tún ẹ̀yìn katakata wa ṣe, kí ẹni tí yóò wá sí kíláàsì lọ́la lè fi ọwọ́ tí ó bá wù ú kọ̀wé.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹ jẹ́ kí á dáàbò bo ọwọ́ wa, kí á lè jọ gbé ẹrù náà.