Ẹ̀GBIN KÒ MỌ ÀÀLÀ ÌLÚ: TA NI YÓÒ SAN OWÓ RẸ̀?

Àwọn àgbà wa ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ẹ̀yin ará wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́. Àwọn olóṣèlú kì í fi í ṣe orin ìpolongo. Wọ́n á ṣèlérí títì, wọ́n á ṣèlérí iná mànàmáná, wọ́n á wá gé rìbọ́ọ̀nù níwájú ọjà tuntun. Ta ló fẹ́ gé rìbọ́ọ̀nù níwájú ìgbẹ́? Síbẹ̀, kò sí ilé kan láàárín wa, ì báà ṣe ààfin, ì báà ṣe àgọ́ alágbàṣe, tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn.

Àwọn tó ti dàgbà nínú yín á rántí agbépòó. Òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Póò lọ, ṣáláńgá dé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó nǹkan ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi, ó gbẹ́ sókáwéè sẹ́yìn ilé. A rò pé ọ̀ràn ti parí. Kò parí rárá. Ohun tó wọlẹ̀ á kún lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tó bá kún, ẹ ó pe ọkọ̀ tánkà, ẹ ó sanwó fún awakọ̀, á fa gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ó ní, “Ẹ ṣeun, ó dàbọ̀.” Ṣé ẹ tilẹ̀ ti béèrè rí pé níbo ló ń gbé e lọ? Níbi tí kò bá ti sí ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀gbin, níbo lẹ rò pé yóò dà á sí, bí kì í ṣe inú igbó tàbí etí odò? Odò kì í sì í dúró sójú kan. Ohun tí ìlú òkè dà sínú rẹ̀ láàárọ̀, ìlú ìsàlẹ̀ lè pọn ọ́n nírọ̀lẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì gba ẹ̀mí. Àìsàn yìí kì í béèrè ẹgbẹ́ tí ènìyàn ń ṣe kó tó wọlé.

Kí ni ọ̀nà àbáyọ? Ibùdó ìtọ́jú ni: ibi tí wọ́n ti ń ya omi kúrò lára gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, tí oòrùn, afẹ́fẹ́ àti àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí yóò ti jẹ ẹ̀gbin náà títí omi rẹ̀ yóò fi ṣeé dà sódò láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe é, ẹ̀rọ ni, adágún ni, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà dunjú sì ni. Bí ìlú kékeré bá ní òun ó dá a ṣe, ohun tí yóò kan ilé kọ̀ọ̀kan á ju ti ìlú ńlá lọ fíìfíì, nítorí pé ilé tí yóò pín owó náà kò pọ̀. Ìdí nìyí tí ọgbọ́n fi wà nínú kí ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin pawọ́ pọ̀ kọ́ ẹyọ kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín owó rẹ̀ nìkan ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni a fẹ́ kí ojú yín là sí.

BÍ WỌ́N ṢE Ń PÍN IN

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ibùdó kan lè gba ọgọ́rùn-ún tánkà lójúmọ́. Ìlú ńlá ní òun ń fẹ́ àyè àádọ́rin, ìlú kékeré ní òun ń fẹ́ ogún, abúlé tó wà lẹ́bàá wọn ní mẹ́wàá tó òun. Owó tí wọ́n fi kọ́ ibùdó náà, ìwọ̀n àyè tí kálukú gbà ló yẹ kí wọ́n fi pín in. Bó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún náírà, ìlú kékeré á san ogún náírà, ì báà lo àyè rẹ̀ tán, ì báà má lò ó. Ó dà bíi ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn gbà lọ́jà: bí o kò bá tilẹ̀ pàtẹ, o jẹ owó ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń bójú tó o lójoojúmọ́, ìyẹn owó iná, owó oṣù òṣìṣẹ́ àti owó àtúnṣe, ìwọ̀n ohun tí kálukú gbé wá ni kí wọ́n fi pín ìyẹn. Bí ìlú kékeré bá gbé tánkà mẹ́jọ péré wá, ti mẹ́jọ ni kó san. Àpò méjì ni, ìṣirò méjì. Ẹni tó bá da àpò méjèèjì pọ̀ mọ́ra, ẹ ṣọ́ ọ dáadáa, ó ní ẹni tó fẹ́ rẹ́ jẹ.

Ẹ wá wo ibi tí ẹ̀tàn lè gbà wọlé. Bí alága káńsù bá lọ fọwọ́ sí àyè ogójì fún ìlú tí kò ní í lò ju mẹ́wàá lọ fún ogún ọdún, àwọn ọmọ yín ni yóò máa san owó àyè òfìfo. Bó bá sì gba àyè márùn-ún nítorí kó lè máa yangàn pé òun dín owó kù, ọjọ́ tí ìlú bá gbòòrò, tí ó padà wá bẹ̀bẹ̀ fún àyè sí i, iye tó bá wu ìlú ńlá ni yóò pè é. Nítorí náà, kí wọ́n ka ilé, kí wọ́n ka ènìyàn, kí wọ́n tó gbé kálámù. Àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì tuntun ńkọ́? Àwọn ni kó san owó àyè tí ilé wọn yóò gbà. Kò tọ́ kí ìyá tó ti ń ta ẹ̀kọ lójú kan láti ogún ọdún máa sanwó àyè fún ilé tí olówó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́.

Wíwọ̀n rẹ̀ náà ní ọgbọ́n nínú. Bó bá jẹ́ tánkà ló ń kó o, ẹnu ọ̀nà ibùdó ni kí wọ́n ti máa ka á, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí ìlú méjèèjì ń rí. Bó bá jẹ́ páìpù abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé e, mítà ni wọ́n ń gbé sí ẹnu ààlà. Ẹ jọ̀wọ́, mítà kò mọ omi ẹ̀gbin yàtọ̀ sí omi òjò. Bí páìpù ìlú yín bá ti sán, omi òjò á wọ inú rẹ̀, mítà á kà á, ìlú yín á sì máa sanwó ìtọ́jú òjò tí Ọlọ́run rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́! Káńsù tó bá ní òun ń ṣọ́ owó ná, tí kò tún páìpù ṣe, kò ṣọ́ nǹkan kan. Bákan náà, ẹ̀gbin kò dọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ odò ẹran àti omi ẹ̀gẹ́ láti ilé iṣẹ́ gàrí ńlá le ju ti inú ilé lọ, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ àti owó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé ẹrù wúwo wá ni kó san owó ẹrù wúwo. Kí wọ́n má ṣe pín in káàkiri fún àwọn ayálégbé oníyàrá kan.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÁWỌN ẸLÒMÍRÀN

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. London pàápàá rí i. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí wọ́n fi dá ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ lọ́dún 1855 fún gbogbo wọn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1858, òórùn odò Thames le débi pé àwọn aṣòfin kò lè jókòó pẹ́ nílé ìgbìmọ̀ wọn. Kíá ni wọ́n ṣòfin pé kí ìgbìmọ̀ náà yá mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn, kí wọ́n sì fi tọ́rọ́ kún owó orí ilé fún ogójì ọdún láti san án. Joseph Bazalgette ni ẹnjiníà tó ṣe iṣẹ́ náà. Gbèsè ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè tí gbogbo ènìyàn mọ iye rẹ̀, tí wọ́n mọ ọjọ́ tí yóò tán.

Ẹ wá fi èyí wé ti Jefferson County, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìlú Birmingham wà. Àwọn ará ibẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí ẹ̀gbin tó ń ṣàn wọ odò Cahaba. Ní 1996, wọ́n fẹnu kò níwájú adájọ́ pé wọn yóò tún gbogbo páìpù ṣe, páìpù Birmingham àti ti àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká sì bọ́ sábẹ́ county náà. Títí dé ibẹ̀, ohun rere ni. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Wọ́n yá owó títí ó fi lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Àwọn oníṣòwò owó wá fi ọ̀rọ̀ dídùn mú wọn gba èlé tó ń lọ sókè sódò. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dojú rú lọ́dún 2008, èlé náà fò sókè, kò sì sẹ́ni tó lè mú un balẹ̀. Rìbá náà kò gbẹ́yìn: Larry Langford, tó ti ṣe olórí ìgbìmọ̀ county náà kó tó di olórí ìlú Birmingham, ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lọ́dún 2009; ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sì dá fún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, Jefferson County kígbe pé òun ti wọ gbèsè, gbèsè tó ju bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ. Títí di ìgbà náà, kò tíì sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà tó wọ irú gbèsè ńlá bẹ́ẹ̀. Ta ló san án? Ẹni tó ń fa omi sílé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Owó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ láàárín ọdún díẹ̀ kó tó di pé gbèsè wó lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì jáde kúrò nínú wàhálà náà lópin 2013, àdéhùn wọn ni pé owó yóò tún máa lé ní 7.89 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn náà 3.49 lọ́dọọdún. Àwọn ìlú kéékèèké inú rẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn oníbáǹkì dúnàá-dúrà, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń gba owó.

Ìyàtọ̀ London sí Jefferson kò sí nínú páìpù, inú ìwé ìṣirò ló wà.

OWÓ TA NI?

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Àwọn kan á ní, “Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn yìí, owó dà?” Ìbéèrè tó dára ni. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, kó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgboro, ẹ̀gbin àti ìdọ̀tí sábẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kì í ṣe àánú tí alága ń ṣe yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àwa tí a wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ní ìjọba ìbílẹ̀ 137. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni owó wọn láti Àbújá ń gba inú àpò àjùmọ̀ní tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọjá, èyí tó dé ọwọ́ káńsù sì dìgbà tó bá wu gómìnà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ẹjọ́ ti dá. Ẹ bi alága tiyín: ẹ̀tọ́ tí ilé ẹjọ́ fún un, ṣé ó ti lọ gbà á, àbí ẹ̀rù gómìnà ń bà á?

Àwa kò ní í purọ́ fún yín pé ọ̀fẹ́ ni ibùdó náà yóò jẹ́. Ẹ ń sanwó báyìí náà: ẹ ń san ti tánkà, ẹ ń san ti oògùn, ẹlòmíràn ti fi ọmọ san án. Ohun tí à ń wí ni pé kí owó tí ẹ ó san jẹ́ owó tí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Kí káńsù fi owó Àbújá bẹ̀rẹ̀ ìkọ́lé, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kí àwọn ilé ìtura, odò ẹran àti oní-ẹ́sítéètì san èyí tó tọ́ sí wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ oníyàrá kan. Bí wọ́n bá máa yá owó, kí wọ́n ka iye rẹ̀, èlé rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò tán sí gbogbo ìlú létí, ní èdè Yorùbá, ní gbọ̀ngàn ìlú, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kí ìlú kékeré sì ní aṣojú tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pinnu iye tí kálukú yóò san. Ẹni tí kò sí níbi ìpín, egungun ni wọ́n ń fi sílẹ̀ dè é.

Wọn yóò wá sí ẹnu ọ̀nà yín láìpẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì àti ankara. Ẹ kí wọn, ẹ fún wọn ní omi mu. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi wọ́n pé: Tánkà tó kó ẹ̀gbin ilé wa lọ, níbo ló dà á sí? Àyè mélòó ni ẹ fẹ́ gbà fún ìlú wa, ta ló sì ka ilé wa kí ẹ tó mọ̀? Ìwé owó rẹ̀ dà? Ẹni tí kò bá lè dá yín lóhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí kò tíì múra iṣẹ́ tó ń tọrọ. Ìbò yín wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe fi ta ìrẹsì.